Tiger Woods àti Ẹ̀wù Aláwọ̀ Ewé: Kì í Ṣe Agbára Ló Fi Gbà Á

Púpọ̀ nínú wa ni kì í wo gọ́ọ̀fù. Eré olówó ni, ó sì máa ń pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ohun tí Tiger Woods ṣe ní Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia, lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2019, ó yẹ ká tún un yẹ̀ wò, torí bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́ ò tọ̀nà. Wọ́n ní agbára rẹ̀ ló padà. Agbára wo?

Ẹni ọdún 43 ni nígbà yẹn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ti 2017 ni wọ́n fi de eegun pọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ọlọ́pàá bá a tó sùn lọ nídìí ọkọ̀. Ipò rẹ̀ láàárín àwọn agbágọ́ọ̀fù àgbáyé já wálẹ̀ dé 1,199. Ife ńlá tó gbà kẹ́yìn, 2008 ni. Ti ìtìjú 2009, ta ni ò gbọ́?

Ẹ wá wo ihò kejìlá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Kò jìn, yáàdì 155 péré, àmọ́ omi wà níwájú rẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ sì máa ń tan èèyàn jẹ. Brooks Koepka àti Ian Poulter ti gbá tiwọn sómi. Francesco Molinari, ará Ítálì tó ń fi 2 ṣíwájú Tiger, náà gbá a sómi. Tony Finau, omi. Tiger ò tiẹ̀ ka àsíá sí. Apá òsì, níbi tí ewu ò sí, ló gbá tiẹ̀ sí, ó rọra parí ihò náà, ó kọjá. Bí òun àti Molinari ṣe dọ́gba nìyẹn. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà!

Ní ihò 15, Molinari tún gbá a sómi. Tiger dé ihò 18 pẹ̀lú 2 lọ́wọ́, ó ná ọ̀kan, ó fi ọ̀kan borí. Nínú ife ńlá 14 tó ti gbà ṣáájú, kò sí èyí tí kì í ṣe pé òun ló wà níwájú, tàbí tó bá ẹni iwájú dọ́gba, kí ọjọ́ ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀. Èyí nìkan ló ti ẹ̀yìn wá gbà.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi kàn wá. Lee Elder, tó gba ife Nigerian Open ní 1971, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó díje nínú Masters, ní 1975. Ẹgbẹ́ tó ni pápá Augusta ò gba aláwọ̀ dúdú kankan wọlé títí di 1990. Nígbà tí Tiger kọ́kọ́ gba ẹ̀wù náà ní 1997, lẹ́ni ọdún 21, Elder wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

Oṣù kejì 2021 ni ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ní oṣù kẹrin 2022, ó tún ti wà ní Augusta, ó rin gbogbo ihò 72 (ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín o, kò sí ọkọ̀), ó sì ṣe ipò 47.