Nígbà tí Ara bá Ń Bá Ojú Jà

Láti Ojoku, lẹ́bàá Ọ̀fà, ni olùkàwé wa kan ti kọ̀wé nípa ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí ojú ìyá náà ti ń pọ́n, tí ó ń ta á bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀. Gbogbo ilé ní Àpólò ni. Nísinsìnyí irun ìpéǹpéjú ìyá ń yí wọnú, erìgì rẹ̀ sì ń bó.

Àpólò, tí àwọn ènìyàn fi orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá ní 1969 pè, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Dókítà ojú nìkan ni ó lè sọ ohun tí ó ń ṣe ìyá yìí; ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí àmì rẹ̀ jọ èyí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pemphigoid. Kò wọ́pọ̀. Àgbàlagbà ni ó sábà máa ń mú, obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ọmọ-ogun tí ń bá àrùn jà wà. Nínú àrùn yìí, wọ́n ṣìnà, wọ́n ka onílé sí ọ̀tá. Ohun kan bí àtè ni ó so awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo funfun ojú mọ́ ẹran ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àtè yìí ni àwọn aṣìnà náà lẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ké sí àwọn mìíràn wá jà níbẹ̀. Àtè já, omi sun sí àárín, awọ sì lé ròrò, bí ògiri tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ wú. Ròrò ojú kì í pẹ́ bẹ́, nítorí náà egbò ni a máa ń rí. Egbò jinná, ó di àpá. Àpá súnkì, ó fa ìpéǹpéjú lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, ó sì yí irun sínú. Irun ń ha ojú títí ojú fi lè fọ́.

Kì í ràn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ má ṣe fi ìtọ̀, omi ewé tàbí omi ọyàn sí i lójú. Oògùn ìkánsójú nìkan kò sì tó, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni ogun ti ń wá. Ní ilé ìwòsàn ńlá, bí irú ti Yunifásítì Ìlọrin, dókítà lè gé awọ díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ ti erìgì náà fún un. Dapsone, tí a fi ń wo ẹ̀tẹ̀, wà lára oògùn tí ń pẹ̀tù sí ogun náà. Ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn kan jẹ́ nítorí àbùkù tí wọ́n bí mọ́ wọn, tí ó pọ̀ láàárín wa. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ má ṣe rà á fúnra yín.

Àpá tí ó ti wà kì í padà, ṣùgbọ́n a lè dá èyí tí ń bọ̀ dúró. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ fi falẹ̀. Bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀, kí o sì kúnlẹ̀ fún ìyá: “Màmá, ẹ jẹ́ kí á lọ fi ojú yín han dókítà.” Ojú tí ó ríran títí alẹ́ ni yóò rí ọmọ rẹ dàgbà.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.