Ìbógà: Egbò igi Gabon tí Amẹ́ríkà ń náwó lé lórí, ṣé oògùn ni àbí ewu?

Igi kan wà nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí tó ti di ọ̀rọ̀ ńlá láàrin àwọn dókítà ọpọlọ l'Amẹ́ríkà. Ìbógà lorúkọ ẹ̀. Ní Gabon, àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ti ń jẹ èèpo gbòǹgbò rẹ̀ níbi ètùtù wọn tipẹ́.

Lóṣù Kẹfà ọdún 2025, Gómìnà Greg Abbott ti ìpínlẹ̀ Texas buwọ́ lu òfin tó ya mílíọ̀nù 50 dọ́là sọ́tọ̀ fún ìwádìí lórí ibogaine, èròjà tó wà nínú gbòǹgbò náà. Bẹ́ẹ̀ rèé, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kà á mọ́ oògùn olóró.

Kí ló wá yí wọn lọ́kàn padà?

Àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìntì ni. Ọ̀pọ̀ ló ti ojú ogun dé tí wọn ò rí oorun sùn mọ́, àwọn míì sì ń gbẹ̀mí ara wọn. Lóṣù Kíní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford gbé èsì ìwádìí kan jáde. Ọmọ ogun 30 tí ọpọlọ wọn ti fara gbọgbẹ́ ló lọ lo ibogaine ní Mẹ́síkò. Lẹ́yìn oṣù kan, ìpayà ojú ogun tó ń bá wọn jà fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù.

Ṣé ká wá máa jó? Ó tì o. Èèyàn 30 kéré, kò sì sí àwọn míì tí wọn ò fún lóògùn náà tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló kó bá MDMA, tí àjọ FDA kọ̀ láti fọwọ́ sí lóṣù Kẹjọ ọdún 2024: àwọn tó lò ó mọ̀ pé àwọn lò ó, kò wá rọrùn láti mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́ àbí ìrètí.

Ewu míì ni pé ibogaine máa ń da lílù ọkàn rú, ó sì ti pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún àwọn 30 yẹn ní magnesium láti dáàbò bo ọkàn wọn. Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan.

Gabon ńkọ́? Àdéhùn Nagoya ti ọdún 2010 ní kí ẹni tó bá jèrè lára ewé àti egbò orílẹ̀-èdè míì fún onílé ní tiẹ̀. Amẹ́ríkà ò sí nínú àdéhùn náà. Bí oògùn yìí bá wá jẹ́ lóòótọ́, àwọn tó mọ igi náà látayébáyé lè máa wòran lásán. Ó yẹ kí àwọn ìjọba Áfíríkà tètè jí sí i.

Ní tiwa níbí, ẹ má lọ ra egbò kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìròyìn yìí o. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ń yọ èèyàn yín lẹ́nu, ẹ mú un lọ bá dókítà ọpọlọ. Aro tó wà l'Ábẹ́òkúta kì í ṣe ibi ìtìjú.