Ìtìjú Kò Gbọdọ̀ Dínà Ìwòsàn

Àìsàn kan ń bẹ nínú ilé àwọn Mùsùlùmí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dárúkọ. Ìyàwó ń jẹ̀rora nígbàkígbà tí ọkọ bá súnmọ́ ọn. Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀, áḿbọ̀sì ìyá ọkọ. Ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ fún ọkọ fúnra rẹ̀, kí ó má baà rò pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọkọ, ní tirẹ̀, yóò mú hàdíìsì nípa obìnrin tí ó kọ ibùsùn ọkọ jáde bí ẹni yọ pàṣán.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun Ọba pàṣẹ nínú Súrà Bàkárà, áyà 222, pé kí àwọn ọkọ yẹra fún ìyàwó wọn lásìkò nǹkan oṣù, nítorí pé ìnira ni. Bí ìnira tí ń wá tí ń lọ lóṣooṣù bá tó dá ọkọ dúró, ìrora tí ń fa omijé ńkọ́? Ọkọ tí ó há hàdíìsì ibùsùn sórí, tí ó gbàgbé èyí tí ó ka níni ẹlòmíràn lára léèwọ̀, kò tíì kàwé tán.

Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ọkọ ọ̀run tàbí àlùjànnú, wọ́n a sì máa ra omi hàǹtú. Àwọn oníṣègùn mọ ohun tí ń fà á, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn nínú ilé ọmọ, tàbí gbígbẹ ojú ara ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú tàbí ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ó lè jẹ́ àpá ibi tí ó ya nígbà ìbímọ, tàbí àpá ìdábẹ́, èyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lòdì sí, síbẹ̀ tí àwọn kan ṣì ń fi aṣọ ẹ̀sìn bò. Nínú àìsàn endometriosis, ẹran tí ó jọ awọ inú ilé ọmọ a máa hù sí ìta rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń bá nǹkan bí ẹnì kan nínú obìnrin 10 tí ó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ jà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iṣan ojú ara ni ń fúnra rẹ̀ pa pọ̀, láìjẹ́ pé obìnrin náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbínú ọkọ a sì tún máa mú un le sí i.

Oògùn wà fún kòkòrò, ìpara wà fún gbígbẹ, a sì máa kọ́ iṣan ní ìdẹ̀ra díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la ni ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, nítorí ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ.

Àwọn obìnrin Ansọ́ọ̀rù kò jẹ́ kí ìtìjú dí wọn lọ́wọ́ ìbéèrè, Àíṣà sì yìn wọ́n fún un. Dókítà obìnrin ló dára jù; níbi tí kò bá sí, àwọn onímọ̀ fíkíhì fàyè gba ọkùnrin nítorí bùkátà. Kí ọkọ bá a lọ. Kí obìnrin náà sọ bóyá ẹnu ọ̀nà ni ó ń dùn ún tàbí inú lọ́hùn-ún, àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà àkọ́kọ́ bá ní yóò lọ tí ó bá bímọ, kí ó wá ẹlòmíràn lọ.