Owó Kòkó Orí Fóònù: Ta Ni Kí Ó Wá Ẹ̀rí?

Ní Ìdànrè, láti Odòde títí dé Àládé àti Àtòsìn, kòkó ni owó. Nígbà kan, ẹni tí ó bá ta kòkó a ka owó rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, a sì dì í sí etí aṣọ. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ náírà, owó wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì di ẹni tí ń gba owó lórí fóònù ní tipátipá. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà New York. Ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá gbà kọjá, gbájúẹ̀ kò ní ṣàì dúró níbẹ̀.

Ọgbọ́n wọn kò pọ̀. Ẹni tí ó wá ra kòkó yóò tẹ fóònù, àlẹ́ẹ̀tì yóò wọlé pé owó ti dé, a ó kó àpò sínú ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí kọ́bọ̀. Àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Iye tí ó wà nínú àkáǹtì ni owó, kí ẹni tí ń tà sì wò ó fúnra rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Òmíràn yóò pè, yóò ní báǹkì ni òun, pé BVN yín ti fẹ́ bàjẹ́, kí ẹ ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Báǹkì kì í béèrè nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, nítorí àwọn ni wọ́n ń ka fóònù fún bàbá àti ìyá wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, sọ ní abala 19 pé kí báǹkì dáàbò bo àṣírí oníbàárà. Òfin kan náà ni ó tún sọ pé bí olè bá ráyè wọlé, oníbàárà ni yóò mú ẹ̀rí wá pé báǹkì ìbá ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí wo? Gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ báǹkì. Risíìtì kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí. Ẹni tí ó kọ irú òfin yìí kò ro ti ará oko rárá.

Ní Ìlú Ọba, láti ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ẹni tí a tàn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ láàrin ilẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà, títí dé 85,000 pọ́n-ùn, àyàfi bí àìbìkítà rẹ̀ bá pọ̀ jọjọ. Báǹkì tí ó fi owó ránṣẹ́ yóò san ìdajì, èyí tí ó gbà á yóò san ìdajì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni ó ṣí àkáǹtì fún gbájúẹ̀ bí kò ṣe báǹkì?

A kò bèèrè tó ìyẹn. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí báǹkì tí ó ní ìwé lọ́wọ́ wá fi ìwé hàn. Àwọn aṣòfin ti tún òfin yìí ṣe ní ọdún 2024. Wọ́n lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹgbẹ́ yòówù kí aṣojú Ìdànrè àti Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní Àbújá máa ṣe, a ń retí ohùn rẹ̀ lórí abala 19.