Ìdáhùn fún Àwọn tí ń Wí pé Gìtá Kì í Ṣe Ohun Àgbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ó sì tọ́ kí ẹnìkan dá wọn lóhùn. Bí ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún bá wí pé òun fẹ́ kọ́ bí a ti ń ta gìtá, ohùn mẹ́ta ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkíní yóò wí pé ó ti dàgbà jù. Èkejì yóò wí pé ohun-èlò ilé ẹmu ni gìtá, kì í ṣe ti ọmọlúwàbí. Ẹ̀kẹta, tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́, yóò wí pé bí ó bá di dandan, kí ó ra èyíkéyìí tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ rí, nítorí pé igi àti okùn náà ni gbogbo wọn. Èmi wí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ṣìnà, àti pé ìṣìnà wọn ń pa ilé-ẹ̀kọ́ wa lára ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Òwe tí wọn a máa fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ni pé kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e kúrò ní ipò rẹ̀. Ewu tí a fi ojú kékeré wò àti ìwà búburú tí a kò tètè bá wí ni àwọn baba wa ń pa á mọ́. Ẹ̀kọ́ kì í ṣe ewu tí a ń gé lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ohun rere, wọ́n ní ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni. Ta ni nínú yín tí kò tíì rí àgbàlagbà tí ó lọ sí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó fi ọwọ́ tí ọkọ́ ti mú le di kálámù mú, tí ó sì wá ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀? Kò sí olùkọ́ kan tí yóò lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ọwọ́ tí ó lè kọ́ lẹ́tà kò fi ní lè kọ́ okùn mẹ́fà?

Èmi kò sẹ́ pé ọmọdé ní àǹfààní tirẹ̀. Ìka rẹ̀ rọ̀, etí rẹ̀ a sì tètè gba ohùn. Bí ènìyàn bá fẹ́ di ọ̀gá bí Andrés Segovia ará Spéìn, ẹni tí ó gbé gìtá wọ inú àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá káàkiri ayé kí ó tó kú ní ọdún 1987, ó sàn kí ó tètè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kọ́ ìwé ni yóò di Fágúnwà, a kò sì torí èyí sọ pé kí àwọn ìyókù má kọ́ ìwé. Ẹni tí ó fẹ́ ta gìtá kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè kọrin pọ̀, tàbí kí inú ilé rẹ̀ lè dùn ní alẹ́, kò bá Segovia du oyè. Bí ọmọdé bá sì ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àgbàlagbà ti ní ọ̀pọ̀ orin nínú orí rẹ̀. Ó mọ ibi tí orin ń lọ kí ó tó dé ibẹ̀. Ó lè gbé ara rẹ̀ jókòó láìsí pé ẹnìkan mú pàṣán dání. Gbogbo èyí ni ọmọdé kò ní, wọ́n sì pọ̀ ju rírọ̀ ìka lọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilé ẹmu. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò parọ́ nípa ìtàn. Ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn atukọ̀ Kúrù láti ilẹ̀ Liberia wà nínú àwọn tí ó gbé gìtá láti èbúté dé èbúté, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń mu ẹmu ni a ti ń ta á. Ní ọdún 1928, àwọn mẹ́ta kan láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà nísinsìnyí, tí a ń pè ní Kumasi Trio, ta irú orin bẹ́ẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Èkó, láàárín ọdún 1930 sí 1939, Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi okùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú dá orin tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé sílẹ̀. Kí a tó gbọ́ orúkọ gìtá rárá ni a sì ti ń ta mólo olókùn mẹ́ta ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, okùn títa kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n léèrè: ohun wo ni ó wà ní ilé ẹmu tí kò sí ní ibòmíràn? Ohùn ènìyàn wà níbẹ̀, a kò sì ní kí àwọn ọmọlúwàbí yadi. Ìlù wà níbẹ̀, a sì ń lù ú níbi ìgbéyàwó àti ìkómọjáde. Ọwọ́ tí ó mú ohun-èlò dání ni ó ń sọ ọ́ di ohun ìyìn tàbí ohun ẹ̀gàn. Kí àwọn tí ń bẹ̀rù pé ohun-èlò yìí yóò ba orúkọ olùkọ́ jẹ́ rántí orin Kérésìmesì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Silent Night. Àlùfáà kan, Joseph Mohr, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1816. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1818, Franz Xaver Gruber fi ohùn sí i ní ilẹ̀ Austríà, Mohr sì ta gìtá sí i bí àwọn méjèèjì ti ń kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà nínú ìjọ kan ní ìlú Oberndorf. Kí ni iṣẹ́ Gruber? Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni! Àwọn kan yóò wí pé dùùrù ìjọ náà ni ó bàjẹ́ tí wọ́n fi mú gìtá. Ìtàn tí a fi kún un lẹ́yìn ni èyí. Gruber kọ bí orin náà ti ṣẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọdún 1854, kò sì dárúkọ dùùrù kan tí ó bàjẹ́. Bí àlùfáà àti olùkọ́ kò bá tijú gìtá ní òru ọjọ́ náà, kí ni ó dé tí ojú fi ń ti àwa?

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, ẹni tí mo kà sí ọ̀tá tí ó léwu jù, nítorí pé ẹ̀rín ni ó fi ń pa ni. Òun ni ó ń wí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ra èyí tí ó pọ́ jù lọ, kí ó jìyà lórí rẹ̀, kí ó tó ra èyí tí ó dára. Ǹjẹ́ a lè fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ní kálámù tí kò yọ yíǹkì, kí a wí pé bí ó bá mọ̀wé tán a ó fún un ní èyí tí ó ń kọ? Ọ̀gá lè fi ọgbọ́n bo àléébù gìtá tí kò dára. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí okùn bá ga jù, ìka rẹ̀ yóò ro ó. Bí ohùn kò bá ṣe déédéé, yóò rò pé etí òun ni kò gbọ́. Yóò gbé e kọ́ ara ògiri, yóò sì gbà gbọ́ títí ayé pé òun ti dàgbà jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn ẹ̀kẹta ti ń bí ọ̀rọ̀ èkíní.

Ẹ má ṣe sáré sí èyí tí ó ń dán pẹ̀lú. Dídán kì í ṣe ohùn. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: olókùn ọ̀rá, olókùn irin, àti èyí tí ń lo iná mànàmáná. Ẹ̀kẹta ń fẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti iná, ẹ sì mọ bí iná ti rí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Okùn irin a máa dún kíkan, ó sì dára lábẹ́ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó le sí ìka. Ní ti okùn ọ̀rá, ìfun ẹran ni a fi ń ṣe okùn irú gìtá bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1940 sí 1949 ni ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò rẹ̀. Ó rọ̀ sí ìka, ọrùn gìtá rẹ̀ sì fẹ̀, tí ìka kan kò fi ní máa tẹ okùn èkejì. Fún àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ náà, òun ni mo yàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kéré lè wá èyí tí a ṣe kéré díẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú èyí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ohun márùn-ún wò. Èkíní, ẹ wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà ti ń wo pákó, kí ẹ mọ̀ bóyá ó wọ́. Èkejì, ẹ ka àwọn ìlà irin tí ó wà ní ọrùn rẹ̀ dé orí ìkejìlá, kí ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti irin níbẹ̀: bí ó bá ju mìlímítà 4 lọ fún okùn ọ̀rá, tàbí 3 fún okùn irin, yóò le láti tẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kejìlá yìí kan náà, tí ó wà ní ìdajì okùn. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ doh ìsàlẹ̀ àti doh òkè. Bí wọn kò bá bára mu lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ okùn tí ó gbó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ gbogbo okùn ní gbogbo ìlà, kí ẹ gbọ́ bóyá èyíkéyìí ń kùn bí eṣinṣin. Ẹ̀karùn-ún, ẹ yí àwọn ìyí okùn wò bóyá wọ́n dúró ṣinṣin, kí ẹ sì wo igi tí a so okùn mọ́ ní ìsàlẹ̀ bóyá ó ti ń ṣí kúrò lára àpótí. Gìtá tí ẹlòmíràn ti lò tí ó yege nínú márààrún sàn ju titun tí ó kùnà lọ, owó rẹ̀ sì lè kéré. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n ta, ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání. Nígbà tí ẹ bá sì gbé e délé, ẹ má ṣe fi í sí oòrùn tàbí inú ọkọ̀ tí ó gbóná; ọyẹ́ a máa la igi, oòrùn a sì máa yọ àtè rẹ̀.

Nípa kíkọ́ rẹ̀, àwa tí a dàgbà ní abẹ́ tonic sol-fa ní ọrọ̀ tí a kò mọ̀ pé a ní. Láti orí okùn tí ó nípọn jù dé èyí tí ó tín-ín-rín jù, bí a bá pe okùn kẹrin ní doh, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a máa jẹ́ lah, ray, soh, doh, me, lah. Ohùn márùn-ún tí a ti ń kọ láti ìgbà èwe náà ni! Àkópọ̀ ohùn mẹ́ta péré, doh-me-soh, fah-lah-doh àti soh-te-ray, tó láti gbé ọ̀pọ̀ orin ọmọdé àti orin ìjọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ̀kan, kí ó kọ́ èkejì, kí ó sì máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ọwọ́ yóò fi mọ̀nà. Kí ìka tẹ̀ ẹ́ súnmọ́ ẹ̀yìn ìlà irin, kí ó má ṣe jìnnà sí i, agbára tí a ó lò yóò sì dínkù. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Ìka yóò ro ni fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni awọ rẹ̀ yóò le. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kí ni ó mú mi fi agbára sọ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju orin lọ. Ojoojúmọ́ ni àwa olùkọ́ ń wí fún ọmọ tí ó ṣi ìṣirò pé kí ó má bẹ̀rù, kí ó tún un ṣe. Ọmọ náà ń wò wá. Ó rí i pé àwa kì í bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun tí a kò mọ̀, pé a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìṣìṣe wa, ó sì parí èrò sí pé ẹni tí ó bá ti dàgbà kì í kọ́ nǹkan mọ́. Ẹ̀kọ́ tí a kò kọ sára pátákó ni èyí, òun sì ni wọ́n ń tètè mọ̀ jù. Olùkọ́ tí ó jókòó níwájú kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú gìtá, tí ó ta á tí ó ṣì í, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì tún un ta, ti fi ìwà kọ́ wọn ní ohun tí ẹnu kò lè kọ́ wọn. Olùkọ́ tí ó sì ti gbàgbé bí ìka ti ń ro akẹ́kọ̀ọ́, kò ní pẹ́ kí ó tó di òǹrorò sí ọmọ tí kò tètè mọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú yín bá ní in lọ́kàn, kí ó má dúró de ìyọ̀ǹda àwọn ẹlẹ́gàn. Kí ó tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má yá owó, kí ó yẹ igi náà wò dáradára, kí ó sì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín ní oṣù kìíní, kí ó máa ta á lọ. Ní ọjọ́ tí orin bá jáde, àwọn náà ni yóò kọ́kọ́ gbè é.