Ìgbóná Yàtọ̀ Sí Ooru: Èsì Fún Àwọn Olùfẹ́ Eré Àsápajúdé

Ẹ ṣe sùúrù fún mi lónìí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi dé ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì gbé ẹjọ́ wá sí ọ́fíìsì mi. Èkínní ní prósẹ́sọ̀ tuntun tí ọ̀rẹ́ òun rà kò dára, nítorí pé ó ń gbóná dé 95°C bó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Èkejì fèsì pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti sọ pé 95 kò léwu, nítorí náà kí àwọn ojo yé pariwo. "Dókítà, ẹ bá wa dá a," ni wọ́n wí. Mo dá a: mo ní àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Àríyànjiyàn yìí kan náà ni àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà kárí ayé ti ń fà láti ọdún 2022, ọ̀pọ̀ wọn sì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀. Bí ibà bá ń ṣe Yorùbá, yóò ní, "Ara mi gbóná." Bó bá jókòó sínú yàrá tí kò ní fèrèsé lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, yóò ní, "Ooru ń mú mi." A kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ìgbóná wà lára nǹkan. Ooru ń ti ara nǹkan jáde, ó sì ń kún àyíká. N kò sọ pé àwọn baba wa ka físíìsì o, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí èdè wa là sílẹ̀ yìí gan-an ni àwọn oníjà wọ̀nyí ń pa rẹ́. Ẹ ti abẹ́rẹ́ kan bọ iná títí yóò fi pọ́n. Ìgbóná rẹ̀ ju ti omi híhó lọ fíìfíì, síbẹ̀ bí ẹ bá jù ú sínú garawa omi tútù, omi náà kò ní lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkòkò omi híhó ńkọ́? Ìgbóná rẹ̀ kò tó ti abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ lè bó odidi ènìyàn lára.

Abẹ́rẹ́ ni 95°C yẹn. Nínú àwọn Ryzen 7000 tí AMD gbé jáde ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2022, ègé sílíkọ́ọ̀nù tó ń ṣe iṣẹ́ kò ju nǹkan bí mílímítà 70 níbùú lóòró lọ. Gbogbo ooru ń gba ojú kékeré yẹn jáde, nítorí náà ìgbóná ń tètè ga. AMD tún ṣètò rẹ̀ pé kó máa sáré sí i títí yóò fi kan 95. Nọ́ńbà yẹn kò sọ iye ooru tó ń wọ yàrá fún wa. Wáàtì ló ń sọ ìyẹn. Ryzen 9 7950X lè jẹ 230 wáàtì. Core i9-13900K tí Intel gbé jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e lè jẹ 253, ọ̀pọ̀ motherboard sì ń gbà á láyè láti kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ju gílóòbù oní-60 wáàtì mẹ́rin lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń di ooru. Fáànù ńlá kì í pa ooru. Ńṣe ló ń kó o kúrò lára prósẹ́sọ̀ wá bá ẹni tó jókòó tì í.

Nígbà náà, ta ni ọ̀daràn? Fóltéèjì ni, ìyẹn agbára tí a fi ń ti iná mànàmáná gba inú prósẹ́sọ̀ kọjá. Bí prósẹ́sọ̀ bá fẹ́ sáré kọjá ààlà kan, àfi kí a fi kún fóltéèjì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Iná tó ń jẹ ń bá eré rẹ̀ pọ̀ sí i. Ní ti fóltéèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó sọ ọ́ di púpọ̀. Bí a bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré, tí a fi ìdá 10 kún fóltéèjì, 1.1 lọ́nà 1.1 lọ́nà 1.1 jẹ́ 1.33. Eré lé ní ìdá 10, iná lé ní ìdá 33. Èrè kọ́bọ̀, ìnáwó náírà.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe overclocking, ìyẹn mímú prósẹ́sọ̀ sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe kọ ọ́ lọ. Ní ọdún 1998, Intel ta Celeron 300A, oní-300 MHz. Àwọn olólùfẹ́ rí i pé bí wọ́n bá yí ìwọ̀n kan padà lórí motherboard láti 66 sí 100 MHz, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sáré dé 450. Owó pọ́ọ́kú, eré ńlá! Mo kan sáárá sí wọn. Ẹni tó tì í mọ̀ pé òun tì í. Bó bá jóná, òun ló ni àdánù.

Lónìí, ilé iṣẹ́ ti ń ṣe overclocking náà kí ọjà tó dé ọwọ́ wa. Àyè tó máa ń ṣẹ́ kù láàrin eré tí wọ́n kọ sára páálí àti eré tí ẹ̀rọ lè sá, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ní ọdún 2023, i9-14900K dé 6 GHz. Àwọn tó ra ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá wá ń ráhùn: géèmù ń já lójijì, kọ̀ǹpútà ń dákú. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tó ga jù ló wà ní ìdí rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àtúnṣe jáde, wọ́n sì fi ọdún 2 kún wáráńtì. Àtúnṣe náà lè dáàbò bo èyí tó ṣì yè. Kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Ààlà 100°C tí Intel fi lélẹ̀ kò sì gba wọ́n là. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "ilé iṣẹ́ ní kò léwu," ẹ gbọ́ o!

Kí ẹgbẹ́ AMD má yọ̀. Ní oṣù Igbe ọdún 2023, Ryzen 7 7800X3D àwọn kan jóná mọ́ orí motherboard, AMD sì ní láti fi ààlà 1.3 sí fóltéèjì kan níbẹ̀. Síbẹ̀, prósẹ́sọ̀ yìí kan náà ni ẹlẹ́rìí mi. Nígbà tó jáde, ó na 13900K nínú ọ̀pọ̀ géèmù, wáàtì tó ń jẹ nídìí géèmù kì í sábà tó ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe eré àsápajúdé ló fi ṣe é, bí kò ṣe àká ìrántí 96 MB tí wọ́n kó sún mọ́ ọn. Ọgbọ́n ju agbára.

Àwọn kan á ní bí a bá dín iná kù, eré á kú. Irọ́ ni. AMD fúnra rẹ̀ fi Eco Mode sínú BIOS. Bí a bá fi 7950X sórí èyí tó jẹ́ 105, ààlà iná rẹ̀ á wálẹ̀ láti 230 sí 142 wáàtì, eré tó sì máa pàdánù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó dín kù yẹn.

Àwa oníbàárà náà ní ẹ̀bi tiwa. Àwa là ń wo àtẹ ìdánwò tí a ń dé ẹni tó fi ìdá 2 ṣíwájú ládé, láì bi í léèrè iye iná tó jẹ. Ilé iṣẹ́ ń ta ohun tí a ń pàtẹ́wọ́ fún ni.

Ẹ má rò pé ìjà àwọn ọlọ́rọ̀ ni o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi oṣù púpọ̀ tọ́jú owó kó tó ra kọ̀ǹpútà, ibo ni yóò gbé prósẹ́sọ̀ tó kú lọ? Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì oòrùn mọ iye tí 100 wáàtì jẹ́. Fáànù kò sì lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ: ohun tó wà ní 75 nínú yàrá oní-20°C yóò súnmọ́ 88 nínú yàrá oní-33.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé iṣẹ́ máa ta prósẹ́sọ̀ ní ìwọ̀n tó bójú mu, kí wọ́n sì fi eré àsápajúdé sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè rẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ wo wáàtì àti fóltéèjì kí ẹ tó wo ìgbóná. Bó bá jẹ́ ìran kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá Intel lẹ ní, ẹ fi BIOS tuntun sí i lónìí. Kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pààlà fún iná.

Mo sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjèèjì. Èyí tó ni prósẹ́sọ̀ náà mi orí, ó ní, "Dókítà, ìyẹn ni pé kì í ṣe pé ara rẹ̀ gbóná ló yẹ ká máa jà lé lórí, bí kò ṣe ohun tó ń jẹ." Mo ní, ọmọ mi, o ti gbọ́ Yorùbá.