Ẹ̀wà ló wà lórí iná: ọ̀rọ̀ mi lórí oúnjẹ, owó oṣù àti gbèsè orí fóònù

Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ẹni tí ebi bá ń pa, kó lọ jẹun ná kó tó padà wá kà á, torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò bá tó o jẹun, kò mọ bí wọ́n ṣe ń náwó ni. Àwọn èèyàn ń pín in kiri. Ẹlòmíì fún un lésì pé ìgbéraga ló ń ṣe é, pé kí ìjọba kọ́kọ́ ṣe ojúṣe tiẹ̀ ná. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán, mo wá rí i pé òótọ́ àbọ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo mọ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọmọ Iléṣà ni mí, àmọ́ Òṣogbo ni mo ń gbé, lápá Òkè-Baálẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé àti káàdì ìpè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. ₦65,000 ni owó oṣù mi. Apọ́n ni mí, mi ò ní ìyàwó, mi ò ní ọmọ, mi ò kì í mu sìgá.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, mo yá ₦20,000 lórí áàpù kan. Mi ò fi ra fóònù, mi ò fi ta tẹ́tẹ́. Mo fi jẹun ni. ₦27,500 ni wọ́n ní kí n dá padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí owó ò tíì pé, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi pé olè ni mí. Ọ̀gá mi rí i. Pásítọ̀ wa rí i. Màámi náà rí i ní Iléṣà, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ò yé wọn dáadáa, ni wọ́n bá gbé fóònù fún ọmọ ilé kejì pé kó bá àwọn kà á. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kà á sókè fún ìyá mi pé olè ni mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà, ẹ ti gbọ́ nípa àwọn Òṣómàáló, àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ wa. Àmọ́ Òṣómàáló ayé ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ló ń lóṣòó sí. Kì í lọ ká ìyá rẹ̀ mọ́lé.

Màámi pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Kí lo fi owó ọ̀hún ṣe?" Mo ní, "Mo fi jẹun ni, mà." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kí lo jẹ?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò lè dáhùn. Kì í ṣe pé ojú ń tì mí o. Mi ò mọ̀ ọ́n ni. Mo mọ iye tí mo yá, mo mọ èlé tó gùn ún, àmọ́ mi ò lè sọ ohun tí mo jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sùn. Láti ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun gbogbo tí mo bá fi sẹ́nu sórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín, ₦600. Lọ́sàn-án, búkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wa, ₦1,200, ẹran kan péré ló wà lórí ẹ̀. Lálẹ́, ìńdómì tàbí nǹkan mìíràn, ₦700. ₦2,500 lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ fi ọgbọ̀n ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀: ₦75,000. Owó oṣù mi ń kọ́? ₦65,000. Mi ò tíì wọ kẹ̀kẹ́, mi ò tíì san owó ilé, mi ò tíì ra kádì ìpè.

Nítorí náà, ẹni tó sọ pé mi ò mọ owó ná, ó rí nǹkan kan sọ. Àmọ́ kì í ṣe àṣejù ló kó mi sínú ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹ ẹran kan péré tí wọ́n á pè ní jayéjayé.

Ẹ rántí ọdún tá à ń sọ. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, ìyẹn NBS, sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà lọ́dún kan ṣáájú. Oṣù Keje ọdún yẹn ni Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Tèmi ò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ má fi ìṣirò fọ́ mi lójú, mo ti fọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú àkọsílẹ̀ mi tó bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀nba-ìwọ̀nba. Bí n kò bá jẹun níta, mo máa ra òróró ₦200 nínú ọ̀rá, ata ₦200, iyọ̀ kékeré, ìrẹsì ife kan. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n dán an wò. Mo da òróró ₦200 ọjọ́ mẹ́fà pọ̀ sínú ike omi kan. ₦1,200 nìyẹn. Kò kún ìdajì ike. Ike yẹn kan náà ní kíkún, ₦2,000 ni ìyá olóròóró ń tà á. Èmi tí mi ò lówó ni mò ń ra ọjà lówó tó pọ̀ jù! Kì í sì í ṣe pé ìyá olóròóró ń rẹ́ mi jẹ o, òun náà ra ọ̀rá, òun náà jókòó sínú oòrùn láti wọ̀n ọ́n. Àìlówó lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń rẹ́ wa jẹ.

Bí mo ṣe bọ́ níbẹ̀ ni pé èmi àti àwọn méjì nínú ilé wa dá àjọrà sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ telọ, ìkejì ń kàwé ní UNIOSUN. Tí oṣù bá ti parí, a máa dáwó jọ, a ó lọ sí ọjà Ìgbóná láàárọ̀ Sátidé, a ó ra òróró kẹ́ẹ̀gì kan, gààrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì, a ó pín in sí mẹ́ta lórí ẹní. A jà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìrẹsì kí a tó gbà pé kóńgò kan náà la ó máa lò. Kóńgò tiyín àti tèmi lè má dọ́gba, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń lu ìdí kóńgò.

Àwọn tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ pé kí o se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí o pín in sínú ike, kí o kó o sínú fíríìjì. Fíríìjì wo? Iná wo? Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ kan kan mọ́ mi lọ́wọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ìṣáwà tútù mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tí kò níná kò gbọ́dọ̀ fi ètò ẹni tó níná ṣe ètò ara ẹ̀.

Tèmi rèé báyìí. Ata ni mò ń tọ́jú, kì í ṣe ọbẹ̀. Mo máa ń bọ ata títí omi ara ẹ̀ á fi gbẹ dáadáa, kí n tó dín in nínú òróró. Mo máa ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, mi ò sì kì í fi ṣíbí tó ti kan ẹnu bù ú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ń lò ó. Inú ẹ̀ ni mo ti ń bu ti ìrẹsì, ti ẹ̀wà, ti ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ sì wà, pàápàá lásìkò òjò: gbúre, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ebòlò. Gbúre ń hù fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, ẹnikẹ́ni ò kà á sí.

Ẹ̀wà ló ń jẹ gáàsì jù. Mo máa ń rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́, màá da omi yẹn nù láàárọ̀, màá sè é fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá pa iná, màá wá fi aṣọ bo ìkòkò fún wákàtí kan. Tí mo bá tún fi máa dáná sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ẹ má fi káún sí i láti yára, ó máa ń ba àwọn fítámì inú ẹ̀ jẹ́. Kóńgò kan, ó tó mi jẹ ìgbà mẹ́wàá tí mo bá fi ẹ̀kọ tàbí gààrí tì í.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀wà púpọ̀, ẹ má fi oògùn kòkòrò sí i, ẹ má sì ra èyí tó ń rùn bí oògùn. Dichlorvos ló jẹ́ kí ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà lọ́dún 2015. Lọ́dún 2019, NAFDAC ní kí wọ́n yéé ta àwọn ìgò ẹ̀ kéékèèké káàkiri ọjà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń sá ẹ̀wà sóòrùn, màá rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí dé ọrùn, màá dé e pa. Kòkòrò nílò afẹ́fẹ́ bíi tiwa.

Ètò tí màámi fi tọ́ wa ni mo wá mọ̀ pé mò ń ṣe. Mo rò pé òṣì ló jẹ́ ká máa jẹ nǹkan kan náà ní ọjọ́ kan náà ní kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ sọ́jà Atákúmọ́sà, ẹ̀fọ́ là á jẹ. Ìrẹsì, ọjọ́ Ìsinmi. Iyán, tí iṣu bá pọ̀. Tí iṣu bá wọ́n, wọn kì í dárúkọ iyán rárá nílé wa, a ó máa jẹ kókò, a ó máa jẹ ewùra, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà mọ bí ìyẹn ṣe dun ni tó. Wọ́n ń tẹ̀ lé ohun tó bá pọ̀ lọ́jà. Èmi ni mò ń fi túláàsì jẹ ọbẹ̀ tòmátò láàárín oṣù Kẹfà, nígbà tí tòmátò bá wọ́n bí góòlù. Ilẹ̀ Haúsá ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti ń wá, kòkòrò sì máa ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 2016, ìjọba Kàdúná tiẹ̀ kéde pàjáwìrì lórí ẹ̀. Tàtàsé, àlùbọ́sà àti ìrù lè gbé ọbẹ̀ dìde láìsí tòmátò kankan. Oṣù Kejìlá títí wọ Kẹta ni kí ẹ jẹ tòmátò yó.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan. Pọ́nmọ́ kì í fúnni lókun bí ẹran. Mo mọ̀ pé ogun máa bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gbólóhùn yìí, mo ti ṣetán. Owó pọ́nmọ́ yẹn, ẹ fi ra ẹyin tàbí ìṣáwà.

Ẹ̀yin ọkùnrin bíi tèmi tẹ́ ẹ ń sọ pé "mò ń dúró de ìyàwó", búkà lẹ fẹ́ níyàwó báyìí, ẹ sì ń san owó orí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Wàyí o, ibi tí mo ń lọ nìyí. Pẹ̀lú àjọrà, pẹ̀lú gbúre ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tí mo kà sílẹ̀ yìí, ₦11,000 ni mò ń ná lọ́sẹ̀ kan, gáàsì wà nínú ẹ̀. ₦44,000 lóṣù. Mo fi ₦31,000 dín ohun tí mò ń ná kù, mo san gbèsè yẹn tán ní oṣù méjì, mo sì pa áàpù náà rẹ́. Ìyẹn ò kéré lójú mi. Ẹni tó bá ní ètò ò wúlò, irọ́ ni.

Àmọ́ ẹ wo ₦44,000 yẹn dáadáa. Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù mi lọ. Èmi nìkan ni mò ń jẹ ẹ́. Ètò tó dára jù tí mo lè ṣe nìyẹn, ibẹ̀ ló parí sí. Tí mo bá bímọ méjì, gbúre ẹ̀yìn ilé ò ní tó. Ẹni tó bá jókòó sórí owó oṣù ńlá tó wá ń sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦40,000 pé ebi ń pa á torí kò mọ ètò ṣe, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìwé wá, kó fi ₦40,000 yẹn ṣètò níṣojú wa. A ó máa wò ó.

Ojoojúmọ́ Sátidé ni màámi ń pè mí báyìí. Wọn kì í bi mí bóyá mo ti san gbèsè. "Kí lo jẹ lọ́sẹ̀ yìí?" ni wọ́n máa ń bi mí, màá ṣí fóònù, màá kà á fún wọn láti Mọ́ńdè. Tí mo bá parọ́ pé mo jẹ ẹja, wọ́n máa ń mọ̀.

Òní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀wà ló wà lórí iná. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè pé àwọn ti fi ìrù rán awakọ̀ kan láti Iléṣà, kí n lọ gbà á ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí n pa iná yìí ná, mo ń bọ̀ wá dá yín lóhùn.